Bí Tab àti àbùjá kíbọ́ọ̀dù ṣe ń mú iṣẹ́ yá lórí ìkànnì

Ẹni tó ń fi ìkànnì ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kì í fẹ́ gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù lọ sídìí máòsì. Tab ló gbójú lé. Bó bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni yóò máa bọ́ sórí líǹkì, bọ́tìnnì tàbí àpótí tó kàn. Shift+Tab á dá a padà sẹ́yìn, Enter á sì ṣí líǹkì tó bà lé.

Ṣùgbọ́n Tab kò mọ ohun tí ojú ń rí. Bí nǹkan ṣe tò tẹ̀ léra nínú HTML, ìyẹn èdè tí wọ́n fi ń kọ ojú-ìwé, ló ń tẹ̀ lé. Bí àwọn tó ń kọ ìkànnì bá fi CSS, èdè tó ń ṣètò ìrísí ojú-ìwé, gbé bọ́tìnnì "Fi ránṣẹ́" sókè, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ nísàlẹ̀ nínú HTML, òkè lojú á ti rí i, síbẹ̀ Tab ò ní débẹ̀ àfi tó bá kọjá gbogbo àpótí yòókù. Àwọn kan máa ń fẹ́ fi tabindex="5", ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ ipò tí Tab á ti dé nǹkan, tún un ṣe. Wàhálà nìyẹn ń dá sílẹ̀, torí ohunkóhun tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ju 0 lọ á fo ṣíwájú gbogbo nǹkan tó kù lójú-ìwé náà. HTML gan-an ni kí wọ́n tún tò.

Bí líǹkì 40 bá wà lókè, ìgbà 40 lèèyàn á tẹ Tab kó tó kan ọ̀rọ̀ tó wá kà. Líǹkì kan ṣoṣo ló ń yanjú ẹ̀: èyí tó wà níbẹ̀rẹ̀ pátápátá, tó ní href="#akoonu" (ibi tí líǹkì ń gbéni lọ), tí main, apá tí ọ̀rọ̀ gan-an wà, sì ní id="akoonu" (orúkọ ibẹ̀). Wọ́n lè fi í pa mọ́ títí Tab á fi bà lé e, àmọ́ kì í ṣe pẹ̀lú display:none, torí Tab kì í dé orí ohun tí ìyẹn bá pa mọ́. Èyí tó burú jù ni outline:none. Àwọn tó fẹ́ kí ojú-ìwé dán ló ń kọ ọ́. Ó máa ń pa ìlà tó yí bọ́tìnnì ká rẹ́, ẹni tó ń tẹ Tab ò sì ní mọ ibi tó wà mọ́.

Ẹ̀yìn èyí ni kí wọ́n tó ronú àbùjá, ìyẹn lẹ́tà tàbí àkójọ bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù tó ń ṣe iṣẹ́ kan lójú ẹsẹ̀. Lórí Wikipedia, nínú Firefox lórí Windows, Alt+Shift+F ń gbéni lọ sí àpótí ìwákiri, Alt+Shift+E ń ṣí ojú-ìwé fún àtúnṣe, Alt+Shift+S ń tọ́jú rẹ̀. Mẹ́ta mẹ́rin irú èyí tó, fún iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lemọ́lemọ́. Àbùjá oní-lẹ́tà kan léwu: bí kóòdù ò bá kọ́kọ́ wò ó bóyá èèyàn wà nínú àpótí ìkọ̀wé, "s" inú ọ̀rọ̀ lásán á fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ láìtíì parí. Ìlànà WCAG 2.1 ti ọdún 2018, tó wà fún mímú kí ìkànnì rọrùn fún àwọn aláàbọ̀ ara láti lò, ní kí olùlò lè pa irú àbùjá bẹ́ẹ̀, kó lè yí i padà, tàbí kó máa ṣiṣẹ́ kìkì nígbà tó bá wà lórí nǹkan náà.

Ctrl+Alt náà kò rọrùn fún ẹni tó ń kọ Yorùbá. Windows ka AltGr, bọ́tìnnì Alt apá ọ̀tún, sí Ctrl àti Alt tí a tẹ̀ pọ̀, AltGr sì ni àwọn kíbọ́ọ̀dù Yorùbá kan fi ń tẹ ẹ, ọ àti ṣ. Bí ìkànnì bá sọ Ctrl+Alt+S di àbùjá ìfiránṣẹ́, ẹni tó fẹ́ tẹ "ṣ" lè tẹ̀ ẹ́ kí fọ́ọ̀mù rẹ̀ ti lọ.