Ìlà Orí Káàdì Ọmọ: Bí A Ṣe Ń Mọ Ibi Tí Ìdàgbàsókè Dorí Kọ

Ẹ jẹ́ ká gbé ọmọ méjì sórí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ kan náà. Ọmọ oṣù mẹ́wàá ni àwọn méjèèjì, kílò 8 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà nìkan á ní ọgbọọgba ni wọ́n. Àmọ́ kílò 2.5 ni wọ́n bí ọmọ àkọ́kọ́. Ó ti kéré láti ilẹ̀, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Ní ti èkejì, kílò 8 yìí náà ló wọ̀n nígbà tó wà lọ́mọ oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́rin gbáko ló ti wà lójú kan. Òun ni nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ máa pe ìyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ṣì kún.

Ohun tó ya àwọn ọmọ yìí sọ́tọ̀ kò sí lórí òṣùwọ̀n. Orí káàdì ìwọ̀n tí ìyá máa ń mú lọ sí ọsibítù ló wà, nínú ìlà tó so ìwọ̀n oṣù kan mọ́ ti òmíràn. Ìlà yẹn ló ń sọ ipa tí ọmọ ń tọ̀: ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó dorí kọ.

Ilẹ̀ Yorùbá wà nínú ìtàn káàdì yìí ju bí ọ̀pọ̀ ìyá tó ń gbé e sínú báàgì ṣe rò lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1957, David Morley, dókítà ọmọdé tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n sì ń kọ àìsàn tó ń ṣe wọ́n sílẹ̀. Ibẹ̀ ni káàdì tí wọ́n pè ní Ọ̀nà Ìlera ti fìdí múlẹ̀ kó tó tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Wọ́n ti ń ya irú ìlà bẹ́ẹ̀ sínú fáìlì ọsibítù tẹ́lẹ̀. Ohun tí Morley ṣe ni pé ó fi káàdì náà sọ́wọ́ ìyá kó máa gbé e lọ sílé.

Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ gba oríyìn. Oṣù ni wọ́n tò sí ìsàlẹ̀, kílò ló gun ẹ̀gbẹ́ òsì. Àpótí tó ṣáájú nínú ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kùn yí ká kó dúdú dáadáa, oṣù tí wọ́n bí ọmọ ni wọ́n sì máa ń kọ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ oṣù Keje ni wọ́n bí i, Keje ni àpótí àkọ́kọ́, Kẹjọ ló tẹ̀ lé e, títí dé ọdún karùn-ún. Lọ́jọ́ ìwọ̀n, nọ́ọ̀sì kò ní máa ṣírò ọjọ́ orí kankan. Á wá oṣù tí wọ́n wà nínú rẹ̀, á bá kílò gòkè, á fi àmì kan síbẹ̀, á sì fi ìlà so ó mọ́ ti oṣù tó kọjá.

Ìlà méjì tí wọ́n ti tẹ̀ sórí káàdì dà bí etí ọ̀nà méjì. Ibí ni àṣìṣe ti pọ̀. Ìyá mìíràn á máa rọ ọmọ lónjẹ nítorí pé ọmọ aládùúgbò ga ju tirẹ̀ lọ lórí káàdì. Kò pọn dandan. Ọmọ lè gba etí ìsàlẹ̀ títí dé ọdún márùn-ún kí ara rẹ̀ le koko, bí ìlà tirẹ̀ bá ṣáà ń gòkè bí ọ̀nà fúnra rẹ̀ ṣe ń gòkè.

Ọmọ tuntun máa ń fọn díẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ìyẹn kì í ṣe ìjayà. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó sábà máa ń gba ìwọ̀n rẹ̀ padà. Ọmọ tí wọ́n bí ní kílò 3 máa ń tó kílò 6 ní nǹkan bí oṣù márùn-ún, á sì máa lọ sí 9 nígbà tó bá pé ọdún kan. Ìlà náà ga fíofío níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò máa rọ̀.

Bí ìlà bá já wálẹ̀, gbogbo ilé ló ti máa mọ̀: ibà ni, tàbí èéyi, tàbí ìgbẹ́ gbuuru. Èyí tó tẹ́jú ló ṣòro láti rí, nítorí ọmọ náà ṣì ń ṣeré. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nígbà tí ọmú ìyá nìkan kò tó mọ́ tó sì jẹ́ pé ògì lásán ni wọ́n fi kún un. Ògì tó ṣàn máa ń yó ọmọ, àmọ́ omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá lọ ẹ̀pà tàbí edé sí i, tàbí tí wọ́n ń fún un ní ẹyin àti mọ́ínmọ́ín, ìlà lè tún gbéra láàárín oṣù kan sí méjì. Níbi tí wọ́n ti máa ń pe ọmọ tí kò dúró ní àbíkú, káàdì ń bi wá ní ìbéèrè mìíràn: oṣù wo ló ti dúró sójú kan?

Ìlà náà máa ń purọ́ o. Wọ́n lè wọ̀n ọmọ pẹ̀lú súwẹ́tà àti bàtà lóṣù yìí, kí wọ́n wọ̀n ọ́n níhòòhò lóṣù tó ń bọ̀. Ọmọ tí kwashiorkor, ìyẹn àìsàn àìjẹunre-kánú, mú tún máa ń wú, omi inú ara á sì mú kó wúwo lórí òṣùwọ̀n nígbà tí ẹran ara rẹ̀ ń tán lọ. Èdè Gà ni wọ́n ti mú orúkọ àrùn náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àìsàn tó ń mú ẹ̀gbọ́n nígbà tí àbúrò bá dé. Èyí tó burú jù ni kí nọ́ọ̀sì kọ nọ́ńbà sílẹ̀ kó má so ìlà rárá. Káàdì bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí rìsíìtì.

Ní ọdún 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlà tuntun jáde, láti ara àwọn ọmọ bí 8,500 ní Brazil, Ghana, India, Norway, Oman àti Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ tó jẹun dáadáa, tí ìyá wọn kò mu sìgá, ni wọ́n yàn. Ọmọ Accra àti ọmọ Oslo fẹ́rẹ̀ẹ́ ga bákan náà. Èyí fi hàn pé bí ìlà ọmọ odidi àdúgbò kan bá tẹ́jú, inú oúnjẹ, omi àti àìsàn ló yẹ ká ti kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀, kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀ ìran.

Àwọn tó ń wádìí ìwà ẹ̀dá náà ń ya irú ìlà yìí. Ní Dunedin, New Zealand, wọ́n ti ń tọpa ọmọ 1,037 tí wọ́n bí láàárín ọdún 1972 sí 1973. Ní ọdún 1993, Terrie Moffitt, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe ìwádìí náà, ṣàlàyé pé bí a bá kó àwọn ọmọkùnrin ọlọ́dún 15 tó ń jalè, tó ń jà, jọ, ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn díẹ̀ ti ń dààmú ilé àti ilé ẹ̀kọ́ láti kékeré, wọ́n sì máa ń bá a lọ. Àwọn tó pọ̀ jù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, wọn á sì jáwọ́ bí wọ́n bá ti dàgbà. Kílò 8 náà ni, ìlà ló yàtọ̀.

Àmọ́ ìlà ìwà lè yà lójú ọ̀nà. Sheldon àti Eleanor Glueck, tọkọtaya tó ń ṣèwádìí ìwà ọ̀daràn, ti kó àkọsílẹ̀ jọ lórí ọmọkùnrin 500 tí ilé ìtúnwàṣe ní Massachusetts gbà. Nígbà tó yá, John Laub àti Robert Sampson, tí àwọn náà ń ṣèwádìí ìwà ọ̀daràn, rí àwọn páálí ìwé náà ní àjà ilẹ̀ ilé ìkàwé òfin ní Harvard, wọ́n sì tọpa àwọn ọkùnrin náà títí wọ́n fi di ẹni 70 ọdún. Ohun tí wọ́n kọ nípa wọn nígbà èwe kò tó láti mọ ẹni tó máa tètè jáwọ́ àti ẹni tó máa pẹ́ níbẹ̀. Ìyàwó, iṣẹ́ tó dúró àti iṣẹ́ ológun ló wà níbi tí ọ̀pọ̀ ìlà ti yà. Ẹni tí aya ń retí nílé lálẹ́, tí ọ̀gá sì ń retí níbi iṣẹ́ láàárọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àyè fún àwọn ọ̀rẹ́ ìkóríta.