Ìdí oríkì ni ìwé onítàn ṣókí-ṣókí ti ṣẹ̀ wá

Tíṣà tó bá fẹ́ fi The House on Mango Street, ìwé tí Sandra Cisneros ará Amẹ́ríkà kọ nípa bí ọmọbìnrin kan ṣe ń dàgbà, han àwọn ọmọ SS2 fún ìgbà àkọ́kọ́, Jámánì ló sábà máa ń gbà lọ. Á ní Goethe ló dá ìwé tó ń sọ bí ọmọdé ṣe di àgbà sílẹ̀ ní 1795, á kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ á dà á kọ, ó tán. Àwa tá a ń kọ́ ọmọ ní Ṣàgámù àti Ìjẹ̀bú Òde níbí ò gbọdọ̀ jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ìwé Goethe yẹn gùn, ìtàn kan ló fà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ti Sandra Cisneros yìí, ìtàn ṣókí-ṣókí 44 ni, òmíràn ò kún ojú ewé kan, ibi tó bá wù ẹ́ lo lè ṣí, á sì yé ẹ. Tẹ́ ẹ bá bi mí, ìdí oríkì ló yẹ ká ti lọ wá ìpilẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀.

Ẹ fetí sílẹ̀ nígbà tí ìyá àgbà bá ń ki ọmọ-ọmọ ẹ̀ láàárọ̀. Ọmọ á kúnlẹ̀ àbí kó dọ̀bálẹ̀, ìyá á gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn, "ọmọ Alárè, ọmọ Awùjalẹ̀, ọmọ arójò joyè", ibẹ̀ ló ti máa fò sórí bàbá ńlá kan tó ń ṣòwò, á tún fò sórí ìyàwó ilé kan tó dúdú tó ń dán, á wá padà sórí ọmọ tó wà níwájú ẹ̀ pé ẹkún ẹ̀ pọ̀ nígbà tó wà lọ́wọ́. Kò sọ pé èyí ló ṣáájú, kò sọ pé ìyẹn ló tẹ̀ lé e. Lọ́la ó lè bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé ó ṣì í kì. Bẹ́ẹ̀, ọmọ yẹn ti mọ ẹni tóun jẹ́ kó tó lọ bọ́jú. Àlọ́ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ ìtàn Ìjàpá látọjọ́ ìbí títí dọjọ́ ikú, ní wẹ́wẹ́ la gbọ́ ọ lálaalẹ́, síbẹ̀ ta ni ò mọ Ìjàpá? Mo gbà pé ó ti pẹ́ gan-an tá a ti ń ṣe báyìí, ó ti wà kí Òyìnbó tó yìnbọn sí wa ní Ìmàgbọ̀n ní 1892, ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kó jẹ́ àtìgbà tí régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n bí lásìkò kan náà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ti wà, torí àwọn tó jọ dàgbà ló máa ń mọ ìtàn ara wọn ní gígé-gígé báyẹn.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí régbérégbé. Tẹ́ ẹ bá rí wọn ní Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ẹgbẹ́ kan aṣọ kan, ẹ máa rí i pé lọ́dọ̀ tiwa èèyàn kì í dá dàgbà, àsìkò tí wọ́n bí ẹ ló máa sọ ẹgbẹ́ tó o máa wà. Ohun tó wà nínú ìwé Cisneros gan-an nìyẹn. Esperanza, ọmọbìnrin inú ìwé náà, ló ń sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò ló kún ibẹ̀. Rafaela wà níbẹ̀, tí ọkọ ẹ̀ ń tì mọ́lé torí ó rẹwà, tó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ọkọ lọ ta dòmínò, á ju owó látojú wíńdò sáwọn ọmọ kí wọ́n bá òun ra jùùsì àgbọn tàbí ti ìbẹ́pẹ, á wá fi okùn ìsáṣọ sọ báàgì kalẹ̀ kó lè fà á sókè.

Lórí bébà, I. B. Thomas ló ṣáájú, nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, láàárín 1929 sí 1930: lẹ́tà lẹ́tà ni Sẹ̀gilọlá, obìnrin inú ìtàn tó kọ, fi ń sọ bóun ṣe lo ìgbà èwe òun. Ó wá kan Aké, ìwé tí Wọlé Ṣóyínká fi sọ ìgbà èwe ara ẹ̀, 1981. Àwọn Ẹ̀gbá gba ìyẹn mọ́ra torí orúkọ ẹ̀, wọ́n ò jẹ̀bi, ìlú ìyá ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Ìsarà Rẹ́mọ ni bàbá ẹ̀ ti wá, Ìsarà náà sì ni bàbá àgbà ẹ̀ ti ní kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i lọ́rùn ẹsẹ̀ àti lọ́rùn ọwọ́, tó kìlọ̀ fún un pé kó má sá fún ìjà níbikíbi. Ibẹ̀ lọmọ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ọkùnrin, kì í ṣe Aké. Orí inú ìwé yẹn gùn lóòótọ́, àmọ́ ẹ lè yọ ti Ìsarà nìkan kà fún kíláàsì, á dá dúró.

Ti Amẹ́ríkà ò lọ títí. Gwendolyn Brooks ti kọ Maud Martha ní ṣókí-ṣókí ní 1953, Chicago kan náà. Cisneros, tí wọ́n bí síbẹ̀ ní 1954, gbé tiẹ̀ jáde ní Houston ní 1984, ilé ìtẹ̀wé Vintage tún un tẹ̀ ní 1991, ó sì di ìwé ilé ìwé káàkiri.

Ní kíláàsì, ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ béèrè oríkì ẹ̀ nílé, kó kọ ọ́ wá, bó ti wù kó kéré. Lọ́jọ́ kejì kẹ́ ẹ wá ka "My Name", ibi tí Esperanza ti sọ pé orúkọ ìyá ńlá òun lòun ń jẹ́, pé òun gba orúkọ náà ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ gba ibi tí ìyá yẹn jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò. Àwọn Yétúndé inú kíláàsì á lọ́rọ̀ sọ. Ojú ewé kan téèyàn ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀ tó ọmọ mẹ́ta kà, ìyẹn dáa fún ibi tí kọ́pì kan ṣoṣo bá wà lọ́wọ́ tíṣà. "Red Clowns" gan-an ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti fipá ṣe Esperanza níṣekúṣe. Kí tíṣà kọ́kọ́ dá kà á nílé, kó sọ fáwọn ọmọ ṣáájú ọjọ́ náà, kó má sì yan ọmọbìnrin kankan láti kà á sókè.