Kí ni pedal steel? Gìtá tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ àti orúnkún ta

Ẹni tó bá fetí sí àwo King Sunny Adé tí iléeṣẹ́ Island gbé jáde lọ́dún 1982 á gbọ́ ohùn kan tó ń fà lẹ́yìn àwọn gìtá yòókù, tó ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni tó ń kọrin láì la ẹnu. Ó pẹ́ tí mo ti ń rò pé kíbọ́ọ̀dù ni. Gìtá ni o. Démọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta á, pedal steel sì ni wọ́n ń pè é.

Bí ẹ bá rí i, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má pè é ní gìtá. Kò ní ikùn, wọn kì í sì í gbé e kọ́rùn. Ó dà bíi tábìlì tóóró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, okùn mẹ́wàá ló sì sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Ńṣe ni atagìtá ń jókòó sídìí rẹ̀ bíi télọ̀ nídìí máṣíìnì: ọwọ́ lókè, ẹsẹ̀ lórí pẹdà nísàlẹ̀.

Ọwọ́ òsì ló ń mú irin dídán kan tó wúwo. Òun ni “steel” inú orúkọ náà. Lórí gìtá tá a mọ̀, ìka ló ń tẹ okùn mọ́ igi láàárín àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn rẹ̀, ohùn á wá máa bọ́ láti orí ọ̀kan sí èkejì bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Lórí eléyìí, okùn ga kúrò lára igi. Irin ń yọ̀ lórí okùn, ohùn ń bá a yọ̀ lọ. Ìlà tí wọ́n fà sábẹ́ okùn kàn wà kí ojú lè mọ ibi tí ọwọ́ dé ni.

Òòfà tí wọ́n wé wáyà tín-ín-rín mọ́ wà lábẹ́ okùn. Bí okùn bá ṣe ń gbọ̀n, iná díẹ̀ á máa ṣàn nínú wáyà yẹn, ampilifáyà á sọ ọ́ di ohùn ńlá. Ìyẹn ni kò fi nílò ikùn.

Pẹdà wá ńkọ́? Ẹ wo onídùndún. Bó bá fún ọsán ìlù mọ́ra, awọ á le, ohùn á lọ sókè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Iṣẹ́ tí pẹdà ń ṣe fún okùn nìyẹn: ọ̀pá irin so ó mọ́ ìdí okùn, bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, okùn á le sí i. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo okùn, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n wà. Bí wọ́n bá to okùn sí ohùn tí wọ́n ń pè ní E9, pẹdà kan máa ń gbé okùn karùn-ún àti ìkẹwàá láti ohùn tí wọ́n ń pè ní B lọ sí C♯, tó ga jù ú lọ. Òmíràn á gbé ìkẹta àti ìkẹfà láti G♯ lọ sí A, tóun náà ga jù ú lọ. Àwọn yòókù kò ní mira. Ohùn kan dúró, èkejì ń gùn ún lọ sókè. Irin ọwọ́ nìkan kò lè ṣe é, torí gbogbo okùn tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń gbé lọ pọ̀. Orúnkún náà ní irin tirẹ̀ tó ń tì, òmíràn nínú wọn sì ń dẹ okùn.

Pẹdà kan tún wà fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, èyí tó ń mú kí ariwo ohùn dín kù tàbí kó pọ̀ sí i. Atagìtá á ta okùn nígbà tí ariwo ṣì kéré, á wá rọra máa ṣí i bí okùn ṣe ń kú lọ. Bí ìka ṣe kan okùn, etí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ. Lójú tèmi, ó jọ gòjé ju gìtá lọ.

Hawaii ni àṣà fífi irin yọ̀ lórí okùn ti wá. Joseph Kekuku ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ pé ó dá a sílẹ̀. Gìtá oníná àkọ́kọ́ tó rọ́wọ́ mú lọ́jà, lọ́dún 1932, orí itan ni wọ́n ń gbé e sí ta. Ó jọ páànù tí wọ́n fi ń dín ẹyin débi tí wọ́n fi ń pè é ní Frying Pan. Lọ́dún 1954, orin kan tí Webb Pierce kọ mú káwọn olórin country, ìyẹn orin àwọn ará ìgbèríko Amẹ́ríkà, máa wá pedal steel kiri, torí Bud Isaacs tó ta á nínú orin náà tẹ pẹdà nígbà tí okùn ṣì ń dún, gbogbo ayé sì gbọ́ bí ohùn náà ṣe ń yí.

Sunny Adé ló mú un wọ jùjú. Nígbà tí Paul Simon, ará Amẹ́ríkà, ń ṣe àwo rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1986, Adépọ̀jù ló ké sí kó wá ta pedal steel níbẹ̀.