Ìdí Tí Áyọ́ọ̀nù Kì Í Gbóná Nígbà Háàfù Kọ́rẹ́ǹtì

Bí háàfù kọ́rẹ́ǹtì bá dé, gílóòbù á pọ́n bí epo, áyọ́ọ̀nù tó ti wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì láti ìṣẹ́jú mẹ́wàá á kàn lọ́wọ́ọ́wọ́ ni, aṣọ tó hunjọ kò sì ní nà. Ìṣirò kékeré méjì ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà.

Fóltéèjì ni ipá tó ń ti iná gba inú wáyà. Fóltì la fi ń wọ̀n ọ́n. Kọ́rẹ́ǹtì ni bí iná tó ń kọjá ṣe pọ̀ tó, áńpíà sì ni ìwọ̀n tirẹ̀. Bí ẹ bá fi kọ́rẹ́ǹtì pín fóltéèjì, ẹ ó rí ìdènà, ìyẹn bí ohun èlò náà ṣe ń há iná mọ́nà tó. Óòmù la fi ń wọn ìdènà, orúkọ Georg Simon Ohm ará Jámánì, ẹni tó tẹ òfin yìí jáde lọ́dún 1827. Fóltéèjì lọ́nà kọ́rẹ́ǹtì ló ń fún wa ní agbára, tí í ṣe wáàtì.

Ẹ jẹ́ ká mú áyọ́ọ̀nù 1000 wáàtì. Fóltì 230 ló yẹ kó máa wọlé ní Nàìjíríà. 1000 tí a fi 230 pín jẹ́ áńpíà 4.35. Ẹ wá fi 4.35 pín 230: ìdènà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó óòmù 53.

Ká ní háàfù kọ́rẹ́ǹtì dé, tí fóltéèjì já sí 160. Élímẹ́ǹtì, ìyẹn irin tó ń mú ooru wá nínú áyọ́ọ̀nù, kò yí padà, óòmù 53 náà ló ṣì jẹ́. Kọ́rẹ́ǹtì á wá di bíi 3, 160 lọ́nà 3 sì jẹ́ 480 wáàtì péré. Ohun tó dín lára fóltéèjì kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta, síbẹ̀ ooru tó lọ ju ìdajì lọ! Fóltéèjì kì í dá ṣubú, ó máa ń fa kọ́rẹ́ǹtì lọ́wọ́ ni, àdánù náà sì di ẹ̀ẹ̀mejì. Bó bá jẹ́ háàfù lóòótọ́, tó jẹ́ 115, wáàtì 250 ló máa kù, ìdá kan nínú mẹ́rin.

Gílóòbù onírin tín-ín-rín ayé àtijọ́ máa ń tan àwọn tó ń fi mítà wọn ìdènà jẹ. Ìṣirò sọ pé gílóòbù 60 wáàtì yẹ kó ní nǹkan bí óòmù 880. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ̀n ọ́n nígbà tó tutù, kò ní tó 100. Mítà kò bà jẹ́ o. Bí irin yẹn bá ṣe ń gbóná ni ìdènà rẹ̀ ń ga sí i, bí ó bá sì ń tàn, ó gbóná kọjá àlà.

Ìṣirò agbára yìí náà ló jẹ́ kí wáyà bátìrì ínfátà nípọn bí ìka. Láti rí 1000 wáàtì látinú bátìrì fóltì 12, áńpíà 83 ló gbọ́dọ̀ kọjá. Wáyà tín-ín-rín á yọ́.

Fíríìjì ò sí lára èyí. Mọ́tò inú rẹ̀ kì í ṣe élímẹ́ǹtì lásán: bí fóltéèjì bá ń rẹlẹ̀ tí iṣẹ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀, kọ́rẹ́ǹtì tó ń fà máa ń pọ̀ sí i ni, òun náà á sì máa gbóná. Nítorí náà, ní àsìkò tí áyọ́ọ̀nù kàn tutù láìfarapa, fíríìjì ni kí ẹ yára yọ.