Geneva, 1994: ibi tí ojú-ewé tó ń bá gbogbo fóònù mu ti ṣẹ̀

Bí ẹ bá bi àwọn tó ń kọ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì léèrè pé ta ló dá ojú-ewé tó ń fẹ̀, tó ń sún kì bí ojú fóònù bá ṣe tó sílẹ̀, Ethan Marcotte ni ọ̀pọ̀ wọn yóò dárúkọ, ará Amẹ́ríkà tó kọ àròkọ kan lórí rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2010. Àròkọ náà dára, òun ló sì fún un lórúkọ tí gbogbo ayé ń pè é, responsive web design. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọmọ lórúkọ kọ́ ló bí i. Àwọn mìíràn sọ pé ìkànnì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Audi, ní nǹkan bí 2002, ló kọ́kọ́ ṣe é. Ìyẹn náà ti pẹ́ jù.

CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì tó wà nítòsí Geneva, ni kí a lọ. Ibẹ̀ ni Tim Berners-Lee ti dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀. Ojú-ewé àkọ́kọ́ tó gbé síta kò ní ìwọ̀n kankan: ọ̀rọ̀ lásán ni, ibi tí àyè bá parí sí ni ìlà ń ṣẹ́ sí. Àwọn tó wá lẹ́yìn ló dè é mọ́lẹ̀. Wọ́n ń fi tábìlì HTML, èdè tí a fi ń kọ ojú-ewé, to nǹkan bíi pé orí pépà ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí, wọ́n sì ń fún un ní ìwọ̀n píkísẹ́lì (àwọn tóótòòtó tó para pọ̀ di ojú kọ̀ǹpútà) tí kò yẹ̀. Ó tiẹ̀ di àṣà pé kí wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ jẹ́ 800 × 600 ni kí a fi wò ó. Àṣà burúkú ni. Ẹni tí kò ní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Håkon Wium Lie, ará Norway, ń ṣiṣẹ́ ní CERN nígbà náà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá 1994, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ilé-iṣẹ́ Netscape kéde búráúsà rẹ̀, ohun tí a fi ń wo wẹ́ẹ̀bù, ó gbé àbá kan jáde tó pè ní Cascading HTML Style Sheets, èdè tí a fi ń sọ bí ojú-ewé yóò ṣe rí, èyí tó di CSS lónìí. Ẹ wo ìlà kan nínú rẹ̀:

h2.font.size = 20pt 40%

20pt ni títóbi lẹ́tà àkọlé. 40% ni ìpín tí ẹni tó kọ ìlà náà ń béèrè nínú ìpinnu. Ìyókù di ti ẹlòmíràn. Òǹkàwé ló sì kọ́kọ́ ń mú ìpín tirẹ̀, kó tó fi èyí tó kù lé òǹkọ̀wé lọ́wọ́. Àgbàlagbà tí kò ríran dáadáa mọ́ lè sọ pé lẹ́tà ńlá lòun fẹ́, kò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni.

Nínú àbá yìí kan náà, Lie kọ DISPLAY_HEIGHT > 30cm: bí gíga ojú kọ̀ǹpútà bá ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, kí búráúsà lo ìrísí kan, bí kò bá jù bẹ́ẹ̀, kó lo òmíràn. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a ń kọ nínú CSS lónìí:

@media (min-height: 30cm)

Kí ló tún kù? Èrò tèmi ni pé kì í ṣe èèṣì ni ohun méjèèjì, ìpín òǹkàwé àti wíwo bí ojú kọ̀ǹpútà ṣe tó, fi jọ wà nínú ìwé kan. Ó ṣeé ṣe kí Lie ti rí i pé fóònù kékeré àti ẹni tí ojú ń dùn, ọ̀ràn kan náà ni: òǹkọ̀wé kò lè mọ ipò tí òǹkàwé wà. Bóyá ara Viola, búráúsà Pei-Yuan Wei tó ti ní èdè ìrísí tirẹ̀ ṣáájú, ni díẹ̀ nínú èrò náà ti wá. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ àwọn aláìríran wọ inú CSS, kó tún ìwé 1994 yẹn kà.

Bert Bos, ará Netherlands, dara pọ̀ mọ́ Lie, CSS1, ẹ̀dà àkọ́kọ́, sì jáde ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá 1996. Ìpín ti pòórá nínú rẹ̀. Bí òǹkọ̀wé àti òǹkàwé bá jọ fi !important, àmì pé dandan ni, sí nǹkan kan náà, òǹkọ̀wé ló ń borí. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á. Ṣùgbọ́n CSS2, ní oṣù karùn-ún 1998, dá agbára padà fún òǹkàwé, ó sì sọ ọ́ kedere pé nítorí àwọn tó nílò lẹ́tà ńlá tàbí àwọ̀ mìíràn ni. Inú rẹ̀ náà ni @media ti ní àyè fún ẹ̀rọ àfọwọ́dání, fún braille, ìwé àfọwọ́kà àwọn aláìríran, àti fún ohùn, T. V. Raman, onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí kò ríran, lọ́wọ́ nínú ti ohùn yìí. Wọn ò tíì gbọ́ iPhone nígbà náà.

Lie lọ sí Opera, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe búráúsà, ní 1999. Opera Mini, búráúsà wọn fún fóònù, dé ọwọ́ gbogbo ayé ní 2006, àwa tí a lò ó lórí Nokia ní Nàìjíríà sì mọ iṣẹ́ tó ṣe: sáfà wọn, kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà, á fún ojú-ewé pọ̀, á tò ó sí òpó kan ṣoṣo kó tó wọlé sórí fóònù, owó dátà ò sì ní tán. Ẹ má sọ fún wa pé 2010 ni ojú-ewé bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí fóònù kékeré.

Èyí tó kù kò pẹ́ sọ. Media queries, irú ìbéèrè @media tí ẹ rí lókè, tí Lie wà lára àwọn olótùú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, di ìlànà ní 2012. Grid, ọ̀nà CSS láti to nǹkan ní ìlà àti òpó, wọ àwọn búráúsà ńlá ní 2017. Ní 2018, WCAG 2.1, ìlànà tó ń jẹ́ kí àwọn aláàbọ̀ ara lè lo wẹ́ẹ̀bù, ní kí ojú-ewé ṣeé kà ní fífẹ̀ píkísẹ́lì 320 láìfa á sọ́tùn-ún sósì. Lọ́dún 2017 náà ni Safari, búráúsà Apple, bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ prefers-reduced-motion: ẹni tí òòyì ń kọ́ bí àwòrán bá ń sá kiri kàn yí ètò kan padà lórí fóònù rẹ̀ ni, ojú-ewé tó bá béèrè yóò sì dá àwòrán náà dúró.