Àwòrán elégbè ni, kì í ṣe róòlù

Ìwé kékeré kan tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé bí a ṣe ń ṣe ìròyìn fídíò tẹ̀ mí lọ́wọ́ láìpẹ́ yìí. Mo ń kà á lọ ní ìrọ̀rùn títí mo fi kan "róòlù B", ìyẹn "B-roll" ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà mẹ́rin sísàlẹ̀, nǹkan kan náà ti di "yíyí kejì". Kí ló ń yí? Fóònù ni ọmọ fi ń ya fídíò lónìí. Kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, ojú ọmọ náà kò sì rí róòlù rí. Ọ̀rọ̀ tí kò mú ohunkóhun wá sọ́kàn ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, kí la fẹ́ fi ṣe?

Gbogbo ẹni tó bá ń wo ìròyìn ló mọ ohun tí à ń sọ. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ hàn. Kò pẹ́, ojú náà kúrò, ohùn rẹ̀ kò dákẹ́, ohun tó ń sọ̀rọ̀ lé lórí la wá ń rí: odò tó kún, ọwọ́ tó ń tú ẹ̀rọ, àga tó ṣófo nínú kíláàsì. Àwòrán tó wọlé nígbà tí ohùn ṣì ń lọ yẹn ni ìwé náà ń pè ní róòlù B, òun ni èmi ń pè ní àwòrán elégbè.

Ẹ wo orin tó ní lílé àti ègbè. Ẹni tó ń lé orin ni ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn elégbè ń tẹ́tí sí i, wọ́n mọ ibi tó máa já sí, ibi tó bá sì ti fẹ́ mí ni wọ́n ti ń gbà á. Bí wọn ò bá gbà á lásìkò, gbogbo ayé á gbọ́ bí olórin ṣe ń mí. Bí wọ́n bá gbé orin mìíràn sẹ́nu, orin dàrú. Ọ̀rọ̀ ẹni tí a fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ni lílé. Ibi tí a bá ti gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú, orí rẹ̀ á ta kìjí lójú àwòrán bí ẹni tí nǹkan bà lójijì. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí elégbè ti gbà á.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mò ń bú ohun tí mi ò mọ̀, "B" ní ìtàn. Láyé fíìmù mìlímítà 16, àlàfo tó wà láàárín àwòrán kan àti èkejì tín-ín-rín débi pé ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ máa ń hàn. Wọ́n wá ń pín àwòrán sórí róòlù méjì, ìyẹn fíìmù méjì tí a ká, A àti B. Ibi tí àwòrán bá wà lórí A, fíìmù dúdú ló máa wà lórí B, wọ́n á sì máa gbà á fún ara wọn bẹ́ẹ̀ títí dópin. Nínú iṣẹ́ ìròyìn, A di ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀, B di ti àwòrán yòókù. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni téèpù fídíò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò fíìmù ní àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn. Fíìmù kógbá wọlé, orúkọ kò kógbá. Ohun kan ṣoṣo tí ọmọ ń rí nínú "B" ni pé ẹ̀yìn A ló wà, ìkẹyìn ló sì máa fi iṣẹ́ náà sí.

Àrùn kan náà ló ń ṣe "àwòrán àfikún". Ohun tó bá ti jẹ́ àfikún, a lè má fi kún un. "Àwòrán ìbòjú" tún burú ju ìyẹn lọ, torí ó ń kọ́ ọmọ pé iṣẹ́ àwòrán ni láti bo àléébù.

Àwọn tó ń pè é ní "àwòrán ẹlẹ́rìí" ni mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú àwọn tí èmi pẹ̀lú wọn jọ ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà, pé àwòrán ń jẹ́rìí sí ohun tí ẹnu sọ. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ó léwu. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ là ń pè ní ẹlẹ́rìí. Ọ̀pọ̀ àwòrán wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ kò ṣojú wọn: iná ti jó tán kí kámẹ́rà tó dé, eérú ló bá níbẹ̀. Ọmọ tí a bá sọ fún pé ẹlẹ́rìí dandan ni, á lọ wá iná ibòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìròyìn rẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Kò gbèrò àtipurọ́ rárá, orúkọ tí a fún iṣẹ́ náà ló tọ́ ọ síbẹ̀. Ní nǹkan bí 1920, Lev Kuleshov, olùdarí fíìmù kan ní Rọ́ṣíà, lẹ ojú òṣèré kan náà mọ́ àwo ọbẹ̀, ó tún lẹ̀ ẹ́ mọ́ pósí. Àwọn tó wò ó rí ebi lójú ọkùnrin náà, wọ́n tún rí ọ̀fọ̀, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ kò yí padà. Àwòrán tó lágbára tó báyìí, a ò gbọdọ̀ fi í jẹ ẹlẹ́rìí lọ́wọ́ ọmọdé. Elégbè mọ̀ pé òun kì í gberin kọjá ohun tí wọ́n lé fún òun.

Àwọn kan ní bí ọmọ bá kọ "egbe" láìfi àmì sí i, a ò ní mọ̀ bóyá ègbè ni tàbí ègbé. Kó fi àmì sí i. Ìdí nìyẹn tí mo tún ṣe yan "elégbè", tí kò jọ èyíkéyìí nínú wọn. Àwọn kan tún ń béèrè bóyá kọ́táwéè, àwòrán kúkúrú nǹkan mìíràn tí a gé sáàárín èyí tí à ń wò, wà lára elégbè àbí ó dá dúró. Ó wà lára rẹ̀. Mi ò rí ohun tí ọmọ máa fi ìyàtọ̀ yẹn ṣe.

Bí orúkọ bá ti tọ́, ẹ̀kọ́ á rọrùn. Elégbè kì í gberin tí kò tíì gbọ́, nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá ẹni náà lẹ́nu wò, kó kọ gbogbo ohun tó ṣeé fojú rí tí ẹni náà dárúkọ sílẹ̀, kó tó gbé kámẹ́rà lọ yà wọ́n. Kó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan láti òkèèrè, láti àárín àti láti ìtòsí. Kó má mì fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kó má sì pa ohùn ibẹ̀, a lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ tó bá yá. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá pẹ́ lójú tó ìṣẹ́jú àáyá 4, ìdajì ìṣẹ́jú á gbé bíi 8 mì. Ibí yìí ni ẹnu máa ń ya àwọn ọmọ jù, torí mẹ́ta péré ni ọ̀pọ̀ wọn ń mú bọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ jókòó ti fóònù rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kejì, ìwé tó kọ ọ̀rọ̀ sí wà lórí itan. Kò tíì gé nǹkan kan nígbà tó gbójú sókè. "Tíṣà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n dárúkọ àtẹ̀gùn, mi ò sì ní elégbè kankan fún un. Ẹ jẹ́ kí n padà lọ." Mo ní kó máa lọ, kó má gbàgbé ẹsẹ̀ kámẹ́rà.