Bí alternator bàálù kékeré bá kú lókè

Ohun tí èèyàn kọ́kọ́ máa ń bi àwa tí a ń tún bàálù ṣe ni pé: bí alternator, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pèsè iná mànàmáná nínú bàálù, bá kú lókè, ṣé ẹ́ńjìnì ò ní dákẹ́? Nínú ọ̀pọ̀ bàálù kékeré, kò ní dákẹ́. Magneto méjì ló wà lára ẹ́ńjìnì wọn, àwọn ló ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣáà ti ń yí, magneto ò bẹ bátìrì lọ́wẹ̀.

Àwọn nǹkan yòókù ló máa kú, wọn kì í sì í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ gan-an lewu wà. Bóyá bẹ́líìtì ló já ni o, bóyá wáyà ló yọ ni o, bátìrì á gba iṣẹ́ náà ṣe wọ́ọ́rọ́wọ́. Rédíò á ṣì máa sọ̀rọ̀, iná á ṣì máa tàn. Ìṣẹ́jú tí awakọ̀ ò bá fi fura, lára èyí tó yẹ kó fi balẹ̀ ló ti ń yọ.

Mẹ́tà tó ń wọn fóltì ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bàálù onífóltì 28 á já sí 25, á tún máa lọ sílẹ̀. Ní ti mẹ́tà ámpìà, oríṣi méjì ló wà. Èyí tí òdo rẹ̀ wà láàárín, tó ń fi iná tó ń wọ bátìrì tàbí tó ń jáde níbẹ̀ hàn, abẹ́rẹ́ á ṣubú sí apá òsì. Èyí tí òdo rẹ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀, tó ń wọn iná tí alternator ń pèsè, abẹ́rẹ́ á lọ jókòó sórí òdo. Ẹ mọ èyí tó wà nínú tiyín kí ẹ tó gbéra, torí pé òdo kan náà, àlàáfíà ni lára ti àkọ́kọ́, wàhálà ni lára ti èkejì.

Ẹ pa swíìṣì alternator. Bí bọ́tìnnì fiúsì rẹ̀ bá ti ta síta, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ tan swíìṣì padà. Ó lè jẹ́ pé fóltì ló ga jù tí alternator fi gé ara rẹ̀ kúrò. Bó bá tún ta síta, ẹ fi í sílẹ̀. Bí òórùn wáyà tó ń jó bá wà ńkọ́? Ẹ má dán an wò rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa pa àwọn tó ń jẹ iná jù: iná ìbalẹ̀, àti èyí tó ń mú ọ̀pá pitot (ọ̀pá tí a fi ń mọ eré bàálù) gbóná bí kò bá sí yìnyín. Rédíò máa ń jẹ iná nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ju ìgbà tí ẹ bá ń gbọ́ lọ, nítorí náà ẹ tètè sọ fún àwọn tó ń darí bàálù, kí ẹ sì gé ọ̀rọ̀ kúrú. Géèjì epo tó ń lo iná lè lọ sí òdo nígbà tí epo ṣì kún táǹkì.

Flap, ìyẹn pátákó ẹ̀yìn ìyẹ́ tí a ń sọ̀ kalẹ̀ kí bàálù lè rọra balẹ̀, ni mo máa ń tẹnu mọ́. Bó bá ń lo iná, tí ẹ sì fi agbára bátìrì tó kù sọ ọ́ kalẹ̀ tán pátá, ó lè kọ̀ láti gòkè padà bí ẹ bá tún ní láti gbéra láìtíì balẹ̀. Ó sàn kí ẹ balẹ̀ láìlò ó, lórí ojú ọ̀nà tó gùn dáadáa.

Bàálù tí kọ̀ǹpútà ń darí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò sí nínú gbogbo ìfọ̀kànbalẹ̀ yìí. Ní Speyer, lórílẹ̀-èdè Jámánì, lóṣù kẹta 2007, wọ́n fi iná láti ilẹ̀ tan bàálù ẹlẹ́ńjìnì méjì kan, Diamond DA42, tí bátìrì rẹ̀ ti rọ. Bó ṣe gbéra tó ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, fóltì já wálẹ̀, kọ̀ǹpútà méjèèjì dá iṣẹ́ dúró, ẹ́ńjìnì méjèèjì sì kú. Bí irú rẹ̀ lẹ bá ń fò, ẹ wo inú ìwé rẹ̀ bóyá ó ní bátìrì àfikún fún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì, àti iye ìṣẹ́jú tó lè gbé e.